Ohùn Tí Mubarakah Rán Jáde

"Ṣé aboyún ni yín ni?"

Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ní kíníkì eyín náà kò tilẹ̀ dìde. Ikùn Nimotalahi ló ń wò, kò wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti wú.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ti wọ oṣù keje," Nimotalahi dáhùn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà mú bí ẹni pé bí ó bá gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, orí rẹ̀ á já bọ́. "Eyín ọ̀hún kò jẹ́ kí n sùn. Kò jẹ́ kí n jẹun."

Mubarakah, àbúrò rẹ̀, ló dì í lápá mú. Òun ló fi alùpùpù tí wọ́n ń pè ní moto gbé e láti àdúgbò Bilbalogo dé Patte d'Oie, tó ń yẹ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà sílẹ̀, nítorí bí moto bá ti ta gìrì díẹ̀ báyìí ni Nimotalahi ń kérora lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé, tí wọ́n gbọ́ tí obìnrin náà ń sọ Nàgó, Yorùbá àwọn ará Kétu, lórí fóònù, ọkàn àwọn méjèèjì balẹ̀. Ọmọ ilé ni. Ọmọ Kétu lòun. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tiwọn ti wá ta ẹ̀yà ara moto ní Ouagadougou. Wọn kò mọ̀ pé èèyàn lè gbọ́ èdè ẹni kó má gbọ́ ẹkún ẹni.

"Dókítà kì í fọwọ́ kan aboyún," obìnrin náà wí. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí àyà aṣọ funfun tó wọ̀: Philomène. "Kò sí iṣẹ́ eyín fún aboyún níbí."

"Tantie, ẹ jọ̀ọ́," Mubarakah dá sí i. "Kí dókítà kàn yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Bí wọn ò bá lè ṣe é, kí wọ́n sọ ibi tí ká gbé e lọ."

Philomène rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì tí wọ́n ń dúró de dókítà. "Ẹ gbọ́, aboyún wo ni eyín kì í dùn? Gbogbo ọmọ tí ìyá mi bí ló fi eyín dùn ún, kò wá dókítà kankan lọ." Ó wá kọjú sí Nimotalahi. "Lọ bímọ ná, ọmọ mi. Bí o bá bímọ tán, kí o wá máa ké eyín."

Àwọn kan lórí bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Mubarakah fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Nimotalahi fà á lápá, wọ́n sì jáde. Níbi géètì aláwọ̀ búlúù kíníkì náà, Nimotalahi fara ti ògiri, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ó ní kí n lọ bímọ ná," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ló dá tí eyín fi ń dùn ún.

Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ni Nimotalahi ti ń tọ́ Mubarakah. Òun ló ń di irun rẹ̀, òun ló ń jí i fún ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó lọ sílé ọkọ pàápàá, inú àgbàlá bàbá wọn kan náà ni òun àti Kàmíl ọkọ rẹ̀ gba yàrá sí, kí ojú rẹ̀ má baà kúrò lára àbúrò rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi Nimotalahi ṣe ẹlẹ́yà, ojú ìyá Mubarakah ló tutọ́ sí yẹn.

Nígbà tí wọ́n délé, bàbá wọn, Alhaji Mọ́rúfù, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó mi orí. "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló sọ. Àwọn àgbà ní wọn kì í yọ eyín aboyún. Ẹ jẹ́ ká rọra máa tọ́jú ẹ̀ nílé." Kàmíl ti lọ sí Lomé lọ ra aṣọ tó ń tà ní ọjà Rood Woko, kò sí nílé láti dá sí i. Wọ́n bá fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n fi kànáfùrù há eyín náà. Ó fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló tún gbéra sọ. Wíwú náà sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá sí ọrùn. Ẹnu Nimotalahi kò là dáadáa mọ́, omi ni wọ́n ń fi síbí rọ sí i lẹ́nu. Ibà dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí kò dá bàbá rẹ̀ mọ̀ mọ́, wọ́n gbé e sínú takisí, ó di ilé ìwòsàn ìjọba.

Dókítà eyín tó wà níbẹ̀, obìnrin kan tí kò ga tí wọ́n ń pè ní Dókítà Nadia, wo ẹnu rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ké sí àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n ṣí ibi tó wú náà, ọyún tó jáde níbẹ̀ pọ̀ débi pé Alhaji ní láti bọ́ síta. Ṣùgbọ́n ìrọbí ti bá ibà wọlé. Nimotalahi bí ọmọkùnrin kan lọ́jọ́ kejì, ó kéré bí ọmọ ẹyẹ. Ọmọ náà mí títí tí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́, ó sì dákẹ́. Wọ́n sin ín láìsọ orúkọ. Kàmíl dé láti Lomé pẹ̀lú aṣọ ọmọ tuntun nínú báàgì rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé a kì í tọ́jú eyín aboyún?" Dókítà Nadia bi wọ́n léèrè. Inú bí i, ó sì ń gbìyànjú láti má jẹ́ kó hàn. "Abẹ́rẹ́ wà tí kì í pa ọmọ lára. A máa ń fọ eyín fún aboyún, a máa ń dí i, a sì máa ń yọ ọ́ bó bá di dandan. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni pé ká fi àìsàn sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mi ò lè búra pé eyín nìkan ló fa èyí, ṣùgbọ́n láti ẹnu ni ibà náà ti wá, ibà yẹn ló sì mú ìrọbí wá láìtọ́jọ́. Bí ẹ bá ti gbé e dé nígbà tó kọ́kọ́ ń dùn ún, ọ̀rọ̀ ì bá má dà báyìí."

Alhaji jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. "Ọyún eyín ló lé oyún inú jáde," ó wí, ó sì bo ojú rẹ̀.

Mubarakah kò sunkún. Ohùn kan ṣoṣo ló ń gbọ́: Lọ bímọ ná. Ó gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń bo ilẹ̀ lé ọmọ náà lórí. Ó gbọ́ ọ nígbà tí ọmú Nimotalahi wú fún wàrà tí kò sẹ́ni tí yóò mu ún, tí ó ń fún un dànù sínú abọ́, tó dijú. Lọ́jọ́ yẹn ni Mubarakah pinnu nínú ara rẹ̀. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Obìnrin yẹn gbọ́dọ̀ sunkún.

Kò mọ bí yóò ṣe rí i mú títí di ọ̀sán ọjọ́ kan níwájú ilé ẹ̀kọ́ girama wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń múra ìdánwò Bac, ìdánwò àṣejáde girama, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Moto kan dúró lẹ́bàá géètì, obìnrin tó gùn ún sì na abọ́ oúnjẹ kan sí Sandra, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó níwájú Mubarakah ní kíláàsì. Sandra dì mọ́ obìnrin náà lọ́rùn, ó ní, "Merci, Màmá." Obìnrin náà yíjú, Mubarakah sì rí i. Philomène ni.

Sandra kò burú. Bí a bá sọ òótọ́, òun ló máa ń ṣàlàyé ìṣirò fún Mubarakah bí olùkọ́ bá sáré jù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí Mubarakah wo bí ìyá àti ọmọ ṣe dì mọ́ra, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé: Ó ní ọmọ tirẹ̀, ó ń gbé oúnjẹ wá fún un. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ilẹ̀.

Ó délé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó fi ìborùn bo ẹnu kí ohùn rẹ̀ lè yí padà. Ó gbé fóònù, ó sì fi Mooré, èdè ìlú náà, sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, Mooré tó dán mọ́rán tí ọmọ tí wọ́n bí sí Ouagadougou ń sọ: "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ fetí sílẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Kíníkì eyín tó ní géètì búlúù ní Patte d'Oie, aboyún ni wọ́n ń pa níbẹ̀. Irin tí wọ́n fi yọ eyín olókùnrùn ni wọ́n fi ń bọ aboyún lẹ́nu láìfọ̀ ọ́. Obìnrin kan kú níwájú mi, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Philomène ni orúkọ ẹni tó ń kó wọn wọlé. Ẹ sọ fún gbogbo aboyún."

Òótọ́ kan wà tí ó lè sọ, òótọ́ náà sì tó ó sọ: wọ́n lé ẹ̀gbọ́n òun, ọmọ sì kú. Ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn kéré lójú rẹ̀. Ó ń fẹ́ ohun tó máa jó o láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó fi ohùn náà ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ Wasáàpù àwọn obìnrin ọjà láti orí nọ́ńbà kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀, ó sì ju káàdì nọ́ńbà náà sínú gọ́tà.

Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná pápá ìgbà ọyẹ́. Kó tó di ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ó ti dé Rood Woko, ó ti dé etí àwọn alágbo àti àwọn tó ń ta ẹja. Ẹnì kan fi èédú kọ "apaboyún" sára géètì búlúù náà. Àwọn obìnrin ká Philomène mọ́ níbi tó ti ń ra tòmátì, wọ́n já gèlè lórí rẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi sá lọ. Àwọn aláìsàn kò lọ sí kíníkì náà mọ́. Dókítà tó ni ín, tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé kí wọ́n má gba aboyún, lé Philomène lẹ́nu iṣẹ́ kí ó lè sọ pé òun ti mú ọ̀daràn kúrò. Síbẹ̀ ó ní láti ti ilẹ̀kùn pa.

Inú Mubarakah dùn. Ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn dọ́ba. Ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lórí fóònù àwọn ẹlòmíràn ní ọjà, ó sì ń rìn kọjá pẹ̀lú ojú ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ẹnì kan gbé ohùn náà dé ọ̀dọ̀ Nimotalahi. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀. "Ta ló sọ èyí? Ọlọ́run kì í sùn o, Mubarakah. Kí ó jẹ ẹ́! Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀." Mubarakah wo eyín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, àlàfo dúdú ibi tí wọ́n ti yọ ọ̀kan, ó sì rò pé òun ti ṣe iṣẹ́ rere.

Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ kò jókòó ti Sandra mọ́. Bó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ yà fún ọmọ apaboyún." Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sandra wá bá Mubarakah lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà ní ọgbà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màmá mi kì í jẹun mọ́," ó wí. "Wọ́n ní àwọn kò pa ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ sí aboyún tó wọ yàrá dókítà rí. Mubarakah, ìwọ náà gbà á gbọ́?"

Mubarakah gbójú sókè, ó wò ó lójú. "Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú," ó dáhùn. Sandra yípadà, ó lọ.

Nínú àgbàlá Alhaji Mọ́rúfù, aboyún mìíràn wà. Aïcha ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Mossi tó ń sọ Mooré, ìyàwó Abdoul tó ń tún moto ṣe. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju Mubarakah lọ, àwọn méjèèjì sì máa ń jọ fọ aṣọ nídìí kànga. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mubarakah rí i tó fi ìborùn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yí ká, tó jókòó tí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ ń jóná níwájú rẹ̀.

"Aïcha, kí ló ṣe ẹ́ lẹ́nu?"

"Eyín ni. Ó ti pẹ́." Aïcha tú ìborùn náà sílẹ̀ díẹ̀. Ibi tí ti Nimotalahi ti wú gan-an ni tirẹ̀ náà wú sí.

"Lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Dókítà obìnrin kan wà níbẹ̀, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ lónìí yìí!"

Aïcha mi orí gidigidi. "Èmi? Kí wọ́n pa mí? O ò tíì gbọ́ ni?" Ó na ọwọ́ mú fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn kan kọ́kọ́ jáde, ohùn obìnrin kan tí Mubarakah kò mọ̀, ó ń fi èdè Dioula sọ pé gbogbo dókítà eyín ìlú yìí ló ń pa aboyún, pé ti ìjọba tilẹ̀ ló burú jù. Lẹ́yìn náà ni ohùn kejì wọlé, ohùn tó jinlẹ̀, tó ń sọ Mooré: Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ fetí sílẹ̀. Ojú mi ló ṣe.

Mubarakah dúró síbẹ̀, ó gbọ́ ọ dé òpin.

"Irọ́ ni," ó wí.

"Báwo lo ṣe mọ̀? Ẹni tó rí i ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n ni?" Aïcha so ìborùn rẹ̀ padà. "Barka, mo dúpẹ́, àbúrò mi. Bí mo bá bímọ tán, mo máa lọ."

Mubarakah wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ń wo ojú ìwé kan náà. Ó bá ara rẹ̀ jiyàn. Èmi kọ́ ló dá gbogbo dókítà pọ̀, obìnrin Dioula yẹn ni. Mo ti ní kí ó lọ, kò gbọ́. Bí mo bá jẹ́wọ́, ilé ẹ̀kọ́ á lé mi, ìdánwò kù díẹ̀. Bàbá á mọ̀. Sandra á mọ̀. Àti pé obìnrin yẹn á tún máa rẹ́rìn-ín! Ìbínú tó ti ń gbé e ró láti ọjọ́ yìí wá ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́, ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Ó fi ọjọ́ kejì jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó rí Nimotalahi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà Aïcha pẹ̀lú abọ́ omi àti síbí lọ́wọ́. Kò wọlé. Ó kàn dúró síbẹ̀, omi inú abọ́ ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Kò lè la ẹnu mọ́," Nimotalahi wí. "Ó ti dé ọrùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká lọ, ó ní ohùn yẹn... Mubarakah, mi ò lè tún wò ó. Mi ò lè wò ó."

Ìgbà náà ni ìbínú tó wà nínú Mubarakah yí orí padà, tó kọjú sí òun gan-an. Ó wọlé. Aïcha dùbúlẹ̀ sórí ẹní, Abdoul ọkọ rẹ̀ fi aṣọ tútù lé e níwájú orí.

"Aïcha, dìde. Irọ́ ni ohùn yẹn. Èmi ni mo sọ ọ́."

Aïcha ṣí ojú, kò gbà á gbọ́. Abdoul ní kí ó má fi obìnrin tó ń ṣàìsàn ṣe eré. Mubarakah bá fa ìborùn rẹ̀ bo ẹnu, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ fetí sílẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Kíníkì eyín tó ní géètì búlúù..."

Ohùn tí gbogbo ìlú ti gbọ́ ló dúró níwájú wọn yìí, nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Abọ́ ọwọ́ Nimotalahi bọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò sí nǹkan kan tó ṣojú mi," Mubarakah wí. Ẹkún ti gba ohùn rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀. Mo fẹ́ gbẹ̀san ni. Ẹ̀gbọ́n mi lọ, wọ́n lé e, ìdí nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ fi kú. Dókítà kò pa á, àìrí dókítà ló pa á. Dìde, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́."

Abdoul wò ó bí ẹni pé yóò gbá a. Kò gbá a. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ sọ́wọ́, ó jáde, ó ń pariwo pe takisí.

Dókítà Nadia ṣí wíwú náà, ó yọ eyín tó bàjẹ́, wọ́n sì dá Aïcha dúró sí ilé ìwòsàn títí ibà fi kúrò lára rẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ kò jáde. "Ẹ tètè gbé e wá," dókítà náà wí. Abdoul dáhùn pé, "A ò tètè gbé e wá, Dókítà. Orí ló yọ wá." Ó sì wo Mubarakah. Láti ọjọ́ náà kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, kódà nígbà tí wọ́n bá pàdé nídìí kànga.

Ẹyin lọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó kó o jọ lẹ́yìn tó fọ́. Ìròyìn dé ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pe Alhaji Mọ́rúfù, wọ́n lé Mubarakah kúrò ní kíláàsì títí di ọjọ́ ìdánwò, àwọn olùkọ́ sì ń wò ó bí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ohun tó dùn ún jù ni pé bàbá rẹ̀ kò nà án. Ó kàn sọ pé, "Múra. A ń lọ bẹ obìnrin náà."

"Èmi náà ń lọ," Nimotalahi wí.

Ilé kékeré kan ni Philomène ń gbé. Àwọn ẹrù tí wọ́n ti dì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù. Sandra dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò wo Mubarakah rárá. Alhaji dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun rẹ̀, Mubarakah sì kúnlẹ̀, ó sọ ohun tó ṣe láìbo ìkankan.

"Ìwọ?" Philomène wí. "Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Nimotalahi ló dáhùn. Ó ti ń mú sùúrù láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé. Kò pariwo.

"Ẹ wò mí dáadáa, mà. Èmi ni ẹ ní kí n lọ bímọ ná. Mo bí i. Ọkùnrin ni. Ó kú."

Philomène wo ikùn Nimotalahi tó ti pẹlẹbẹ, ó sì wo àlàfo eyín rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹrù tó dì. Ẹkún tó sun kò ní ohùn. Àwọn obìnrin ọjà ti já gèlè rẹ̀, wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ìkankan nínú wọn tó bá a dé ibi tí gbólóhùn kúkúrú yẹn bá a dé. Mubarakah rí i. Ohun tó ti ń wá láti ìgbà yìí nìyẹn. Òtítọ́ ló ṣe é, láàárín ìṣẹ́jú kan, láìpa ẹnikẹ́ni lára.

"Mi ò mọ̀," Philomène wí nígbẹ̀yìn. "Mo rò pé òótọ́ ni mò ń sọ. Dókítà ní ká má gbà wọ́n, èmi sì fi ẹ̀rín kún un. Ẹ̀rín yẹn, èmi ni mo ni ín. Dárí jì mí, ọmọ mi." Ó yí sí Mubarakah, ojú rẹ̀ sì le. "Ṣùgbọ́n ìwọ, kí ló dé tí o kò wá bá mi? O mọ ibi tí mo wà. Ò bá wá pariwo lé mi lórí. Ò bá gbá mi létí pàápàá. Ṣé Sandra ló lé ẹ̀gbọ́n rẹ ni?"

Nimotalahi sọ pé òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ Philomène. Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ọ̀nà ìdáríjì gùn, ẹ̀gbọ́n náà sì ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín.

Ní ọ̀sẹ̀ náà ni Philomène kó ọmọ rẹ̀, ó padà sí Kétu. Lọ́jọ́ ìdánwò Bac, olùdánwò pe orúkọ Sandra, ó tún un pè. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mubarakah jókòó, ó ń wo àga tó ṣófo níwájú rẹ̀, kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan kọ fún ìgbà pípẹ́. Ó yege, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló fi yege, kò sì jó.

Ó ti gba ohùn mìíràn sílẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Ó sọ pé òun parọ́. Ó sọ ohun tí Dókítà Nadia sọ: pé aboyún tí eyín bá ń dùn kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tó bá bímọ, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ó sọ oṣù tí oyún rẹ̀ wà, kí ó sì kọ̀ láti padà sílé bí ẹnikẹ́ni bá lé e láìyẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan gbọ́ ọ, wọ́n dúpẹ́. Àwọn kan ní wọ́n ti fún un lówó ni. Títí di òní, bí Nimotalahi bá jókòó ní ìsọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Rood Woko, oníbàárà kan lè dé kí ó tún máa sọ ìtàn aboyún tí dókítà eyín pa, á sì fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Nimotalahi á pa aṣọ tó ń ká tì, á fa àga fún un, á sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ òótọ́ rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ náà kì í dúró de òtítọ́ kó tó máa pa ẹni tó bá bá pàdé lọ́nà. Ọ̀dọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀, kí ó lọ bá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ lójúkojú, kí ó fi òtítọ́ bá a jà, kí ó sì mú àgbà lẹ́yìn bí ẹnu rẹ̀ kò bá ká a. Irọ́ tí a bá rán sí ọ̀tá ẹni kì í béèrè ọ̀nà. Ilé tó bá kọ́kọ́ kàn ni yóò yà sí.